St Ives nínú oṣù kẹjọ: àlejò kún ìlú, òṣìṣẹ́ ò ríbi sùn

Ọjọ́ Ajé

Ọkọ̀ ojú irin Penzance gbéra ní Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀, kò sì sí àga kan tó ṣófo nínú rẹ̀. Ilé ìwé ti wà ní ìsinmi. Àwọn òbí gbé ọmọ, wọ́n gbé báàgì, wọ́n gbé pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun, àwọn mìíràn tún fa ajá lọ́wọ́. Gbogbo wọn ń lọ sí Cornwall, èmi náà sì ń lọ síbẹ̀.

Àbúrò mi ni mò ń lọ bá, ọmọ àbúrò bàbá mi. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní St Ives, ìlú kékeré etíkun kan ní Cornwall, ní ìkángun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà tó ti ti Ìbàdàn dé síbẹ̀ ló ti ń pè mí pé kí n wá wo òkun. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dárúkọ òkun rárá. Ohun tó sọ ni pé, “Sístà mi, ẹ wá fojú ara yín rí i, kí ẹ má baà rò pé mò ń ṣàsọdùn.”

Ọ̀nà náà jìn, ó tó wákàtí márùn-ún. Lẹ́yìn Exeter, ojú irin rìn mọ́ etí òkun títí. Ní Dawlish, ìjì oṣù kejì ọdún 2014 wó ògiri òkun, ilẹ̀ abẹ́ irin sì wọ́ lọ, fún nǹkan bí oṣù méjì ni ọkọ̀ ojú irin kankan kò fi lè ti Lọ́ńdọ̀nù wọ Cornwall. Lẹ́yìn Plymouth, a gba orí afárá tí Brunel, ẹnjiníà àtijọ́ nì, kọ́ sórí odò Tamar kọjá, èyí tí wọ́n ṣí ní 1859. Odò yẹn ni ààlà Cornwall. Bí a ṣe kọjá rẹ̀ ni àwọn ọmọdé inú ọkọ̀ pariwo ayọ̀.

Camborne ni mo ti sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé àbúrò mi kò gbé St Ives mọ́. Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ló gba yàrá kan ní àárín St Ives, ṣùgbọ́n àdéhùn ni pé yóò kó jáde kí ọdún Àjíǹde tó dé. Irú àyálò yìí wọ́pọ̀ níbẹ̀. Nígbà òtútù tí àlejò kò sí, onílé á gbà kí òṣìṣẹ́ wọlé. Bí oòrùn bá ti ń yọ, òṣìṣẹ́ á palẹ̀ ẹrù mọ́, àlejò á sì wọlé, nítorí ohun tí àlejò máa san fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹjọ lè ju ohun tí òṣìṣẹ́ ń san lóṣù lọ. Àbúrò mi wá ilé káàkiri St Ives, kò rí. Ó wá dé Hayle, kò rí. Camborne ló ti wá rí yàrá. Ìlú ìwakùsà ni Camborne. South Crofty, ihò kùsà tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, tì ní 1998. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi kì í wá sí Camborne, ìdí nìyẹn tí yàrá fi ṣẹ́kù níbẹ̀ fún irú àbúrò mi.

Ẹ̀fọ́ tí mo gbé láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù la fi jẹ ẹ̀bà, a sì tètè sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìdájí la jí. Agogo mẹ́jọ niṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú irin láti Camborne dé St Erth, a sọ̀ kalẹ̀, a tún wọ ọkọ̀ kékeré tó ń lọ sí St Ives. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: n kò tíì rí ọ̀nà ojú irin tó rẹwà tó èyí. Kò gùn, kò ju máìlì mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló kọjú sí omi. Ó kọ́kọ́ rìn létí ọ̀sà Hayle níbi tí àwọn ẹyẹ ti ń ṣa oúnjẹ nínú ẹrẹ̀, ó gba òkè yanrìn funfun kọjá, ó dé Carbis Bay níbi tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè G7 ti pàdé ní oṣù kẹfà 2021, ó wá yí igun kan, gbogbo St Ives sì hàn sí wa lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà yìí gan-an ló sọ ìlú náà di ìlú àlejò. Ọdún 1877 ni wọ́n ṣí i. Kí ó tó dé, ẹja sàdíìnì ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, òun ni wọ́n ń tà. Wọn a fi iyọ̀ sí i, wọn a dì í sínú àgbá, wọn a fi ránṣẹ́ sí Ítálì. Ẹja dín kù, àlejò pọ̀ sí i, ọwọ́ ìlú sì yí kúrò lórí àwọ̀n bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Agogo mẹ́jọ ìlú ṣì dákẹ́. Ọkùnrin kan ń fi omi fọ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn awakọ̀ ń já búrẹ́dì àti wàrà. Ìyá ọlọ́mọ kan ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ gba oògùn. Mo kí i, ó dúró bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní nínú oṣù kẹjọ, òun kì í jáde lẹ́yìn agogo mẹ́wàá, nítorí pé kẹ̀kẹ́ ọmọ kò ní ríbi gbà.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun tó ń sọ. Ọkọ̀ ojú irin ń dé ní gbogbo ìdajì wákàtí, bí ọ̀kan bá sì ti dé, èrò á tú jáde, wọn á gba etíkun Porthminster sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹsẹ̀ kò ríbi tẹ̀ ní Fore Street. Òpópó náà tóóró gan-an. Àwọn apẹja ló kọ́ ọ, fún ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lórí. Ní etí èbúté, wọ́n tò síwájú ilé pástì, irú mítípáì ilẹ̀ Cornwall, wọ́n tò síwájú ilé áísìkrímù, wọ́n tò síwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹyẹ òkun ńlá kan já pástì gbà lọ́wọ́ ọmọdékùnrin kan níwájú mi, ó fi ìyẹ́ gbá a lójú, ọmọ náà bú sẹ́kún. Wọ́n ní bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn.

Mo kúrò láàárín èrò, mo wọ Downalong, àdúgbò àwọn apẹja àtijọ́. Àwọn ọ̀nà rẹ̀ ní orúkọ tó dùn: Fish Street, Teetotal Street, Salubrious Place. Ilé òkúta kéékèèké ni wọ́n, ìlẹ̀kùn wọn mọ́ tónítóní, wọ́n kun àwọ̀ búlúù àti funfun sí i. Lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ni mo ti ń rí àpótí irin kékeré, èyí tí àlejò máa tẹ nọ́ńbà sí kó tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé jáde. Onílé ò ní láti wà nítòsí, kò ní láti kí ẹnikẹ́ni káàbọ̀. Mo ka àpótí wọ̀nyí títí ó fi sú mi. Nínú ìwé ètò tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ṣe, wọ́n kọ ọ́ pé nígbà ìkànìyàn 2011, ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ilé tó wà ní agbègbè St Ives ni kò ní ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin! Ní Downalong, ojú lásán ti tó láti rí i pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú

Òjò. Gbogbo àwọn tó wà létíkun lánàá ló rọ́ lọ sí Tate St Ives, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Ọdún 1993 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ọnà yìí sójú etíkun Porthmeor, lórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ gáàsì àtijọ́.

Ẹnì kan ló gbà mí lọ́kàn níbẹ̀: Alfred Wallis. Apẹja ni nígbà èwe rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ra àjákù ọkọ̀ ojú omi, ó ń tà á. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí òun náà ti lé ní àádọ́rin ọdún tàbí kó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi ya àwòrán sórí àjákù páálí. Àwọn ayàwòrán láti Lọ́ńdọ̀nù ṣèèṣì rí i ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní 1928, orúkọ rẹ̀ sì kàn. Síbẹ̀, ilé àwọn aláìní ní Madron ló kú sí ní 1942. Lónìí, èèyàn ń sanwó wọlé lọ wo páálí rẹ̀. Ibojì rẹ̀ wà ní Barnoon, lórí òkè tó kọjú sí òkun, Bernard Leach amọ̀kòkò ló sì ṣe amọ̀ tí wọ́n fi tẹ́ ẹ. Mo gun òkè lọ síbẹ̀ nínú òjò. Ìlú yìí ti mọ bí a ṣe ń fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ju èèyàn fúnra rẹ̀ lọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọjọ́bọ̀

Àbúrò mi kò ní iṣẹ́ lónìí, ó mú mi lọ kí ìyá àgbà kan tó ń gbé Downalong, opó apẹja, tí wọ́n jọ jẹ́ aládùúgbò nígbà òtútù. Ó ṣì máa ń bá a gba oògùn lẹ́yìn iṣẹ́. A din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù dání. Ìyá náà jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ó sì ní kí àbúrò mi wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo bi í bóyá àlejò máa ń bí i nínú. Ó ronú díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní, “Rárá o. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi a máa gba àlejò sílé nínú oṣù kẹjọ. Àwa ọmọ á gòkè àjà lọ sùn, àlejò á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Owó yẹn ni a fi ń ra bàtà ilé ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá lọ, a ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì wa.”

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní St Ives tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà tó èyí. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìbínú àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn èèyàn náà kò fẹ́ràn àlejò, pé wọ́n rorò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń gba àlejò kí ọ̀pọ̀ wa tó dáyé. Ohun tó yí padà ni pé ilé ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń gbàlejò. Ìyá náà nawọ́ sí ojúde, ó ń ka ilé lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ti ẹnì kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí ti ilé iṣẹ́, tọ̀hún àwọn ọmọ jogún rẹ̀, wọn ò lè pín in, wọ́n tà á. Nínú oṣù kìíní, ó ní, òun lè rìn láti ẹnu ọ̀nà òun dé èbúté lálẹ́ kí iná má tàn ní ju ilé mẹ́ta lọ. Bí òun bá ṣubú, ta lòun máa ké sí?

Ó tún sọ̀rọ̀ ọkọ̀ adóòlà ẹ̀mí. Gbogbo ọmọ ìlú ló mọ ọjọ́ 23 oṣù kìíní 1939. Ìjì ń jà lóru, ọkọ̀ ńlá kan wà nínú ewu, ọkùnrin mẹ́jọ wọ ọkọ̀ adóòlà lọ. Méje kú, ẹnì kan ṣoṣo ló yè. Ní ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ìlú náà ti pàdánù ọkọ̀ adóòlà mìíràn. Títí dòní, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó oṣù ló ń wọ ọkọ̀ yìí, bí ìpè bá sì dún, wọ́n gbọ́dọ̀ dé etí omi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí owó ilé lé lọ sí Camborne kò lè bá wọn lọ. Ẹni tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan kò lè bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àlejò tí ìgbì gbé lọ wà lára àwọn tí wọ́n ń lọ yọ.

Kí a tó kúrò, ó sọ ìtàn John Knill fún wa. Ọkùnrin yìí ti jẹ olórí ìlú rí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó kọ́ ilé gogoro kan sórí òkè lẹ́yìn ìlú, ó sì fi owó sílẹ̀ pé ní ọdún márùn-ún-márùn-ún, lọ́jọ́ 25 oṣù keje, kí ọmọbìnrin mẹ́wàá jó yí ibẹ̀ ká, kí wọ́n jẹ́ ọmọ atukọ̀, apẹja tàbí awakùsà. Láti 1801 ni wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́yìn ti 2021, ọdún 2026 ló kàn. Ìyá náà ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni wọn yóò ti máa rí ọmọ apẹja mẹ́wàá lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí ọmọ apẹja kò lè ra ilé apẹja mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo jókòó lórí èbúté Smeaton, mo ń bá ọkùnrin kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀. Ojú tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ní oṣù mẹ́ta yìí lòun fi ń jẹun ọdún kan, pé ẹni tó bá ń bú àlejò ní St Ives ń bú oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìlú náà nílò owó àlejò, àlejò sì nílò ẹni tó máa se oúnjẹ, tó máa gbá etíkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í níbo ló ń gbé, Hayle ló pè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ilé bàbá rẹ̀ ló ṣì ń gbé.

Àwọn ará ìlú kò káwọ́ gbera. Ní oṣù karùn-ún 2016, wọ́n dìbò. Ó lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò tó fọwọ́ sí i pé ilé tuntun tí wọ́n bá kọ́ ní St Ives gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó máa gbé inú rẹ̀ títí, kì í ṣe ilé kejì fún olówó. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga, wọ́n sì pàdánù nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ní 2022, Whitby ní Yorkshire náà dìbò, wọ́n fẹ́ irú òfin kan náà.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ilé tuntun nìkan ló kàn. Gbogbo ilé òkúta Downalong wà lóde òfin, níbẹ̀ ni olówó sì kọjú sí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba ìbílẹ̀ Cornwall ti sọ owó orí ilé kejì di ìlọ́po méjì. Ìyẹn náà dára, àmọ́ ihò wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún àyálò fún ogóje ọjọ́ lọ́dún, tó sì rí àlejò gbà fún àádọ́rin ọjọ́ nínú rẹ̀, ilé rẹ̀ ti di òwò lójú òfin. Kò ní san owó orí ilé mọ́, owó orí òwò ni yóò kàn án. Bí iye tí ìjọba dá lé ilé náà láti fi ṣírò owó orí òwò kò bá sì ju £12,000 lọ, tí kò ní ilé òwò mìíràn, ìdẹ̀ra tí ìjọba ṣe fún àwọn oníṣòwò kékeré lè mú kó má san kọ́bọ̀. Àbúrò mi ń san owó orí ilé tirẹ̀ ní Camborne lóṣooṣù láti inú owó kékeré tó ń gbà. Mo sọ ọ́ síta, kò sì sí ẹni tó lè yí mi lọ́kàn padà: ìwà ìrẹ́jẹ ni.

Scotland ti ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń fi ilé gba àlejò onígbà díẹ̀. Venice ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tó wá tó sì padà lọ́jọ́ kan náà ní àwọn ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Ní erékùṣù Canary, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú sójú títì ní oṣù kẹrin 2024. Fún St Ives, owó ẹnubodè kò ní yanjú nǹkan kan. Ìwé àṣẹ ló yẹ, kí ìlú sì ní agbára láti sọ pé ó tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọjọ́ yìí ni àlejò àtijọ́ ń jáde tí tuntun ń wọlé. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń jáde, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tuntun ń gba kọ́kọ́rọ́. Láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn, Downalong di ti àwọn obìnrin tó ń fọ ilé. Wọ́n gbé àpò aṣọ ibùsùn lérí léjìká, wọ́n ń sáré gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń pe ara wọn láti fèrèsé dé fèrèsé. Mo bá mẹ́ta lára wọn sọ̀rọ̀. Camborne, Redruth, Hayle. Kò sí ẹni tó ń sùn ní St Ives nínú wọn.

Lọ́nà tó wọ ìlú, mọ́tò tò láti òkè títí dé ibi ìgbọ́kọ̀sí Trenwith, ó sì kún. Àwọn mìíràn yí po, wọ́n yí po, wọ́n tún bá ọ̀nà gígùn padà. Mọ́tò àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ tọ́jú aláìsàn nílé wà láàárín wọn, kò sí ọ̀nà tó yàtọ̀ fún wọn.

Ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi ní ọ̀sán há sójú ọ̀nà. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni àbúrò mi tó dé ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo fi omi gbígbóná sí i, kò lè jẹun.

Ọjọ́ Àìkú

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ kì í tètè dé. Takisí ló gbé àbúrò mi lọ síbi iṣẹ́, ó sì san owó tó lé ní wákàtí méjì iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Mo tẹ̀ lé e, kí a lè rí ara wa kí n tó lọ.

Nínú takisí ló ti sọ fún mi pé òun ti sọ fún ọ̀gá òun. Onílé rẹ̀ àtijọ́ ti pè é pé yàrá náà máa ṣófo ní oṣù kẹwàá, títí di Àjíǹde. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun kò lè máa kó ẹrù wọlé kó ẹrù jáde ní ọdọọdún. Ilé ìtọ́jú kan ní Plymouth ti ṣe tán láti ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì kù díẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ fi owó díẹ̀ kún owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní yàrá láti fún un. Kò sì lè ránṣẹ́ pe ẹlòmíràn láti Nàìjíríà: láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba ti ti ọ̀nà físà iṣẹ́ ìtọ́jú mọ́ àwọn tó wà lókè òkun. Ẹni tó bá máa rọ́pò rẹ̀ ní láti ti inú ilẹ̀ yìí wá, kó sì wá ibi tó máa gbé.

Mo bi í bóyá ó ti sọ fún ìyá àgbà Downalong. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ìyá náà ní kó lọ, kó má wo ẹ̀yìn, pé bí àwọn ọmọ òun méjèèjì náà ṣe lọ nìyẹn.

Plymouth kì í ṣe ìlú kékeré, yàrá wà níbẹ̀ ju ti St Ives lọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti rí. Bí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí bá ní ojúlùmọ̀ níbẹ̀, tàbí ó mọ ìjọ Yorùbá kan tó lè bá wa béèrè, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi. Yàrá kan ló ń fẹ́, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń kọjá ní ìdájí, kó sì jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní lé e jáde nínú rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yọ.